Dúró Dè Mí Lẹ́nu Afárá

"Ìyàwó! Má fọwọ́ kan páàdì mi o! Dúró dè mí lẹ́nu afárá!"

Ohùn ìyálé mi nìyẹn, láti ojú fèrèsé takisí tó ń gbé e lọ sí Àkúrẹ́ lọ́dún 1997. Ó ki orí síta, gèlè rẹ̀ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń juwọ́ bí ẹni ń lé ẹyẹ lóko. Gbogbo gáréèjì Òkìtìpupa yíjú wò mí. Awakọ̀ ní, "Màmá, afárá wo lẹ ń wí? Ṣé omi ti gbé e lọ ni?" Ìyálé mi bú sẹ́rìn-ín. Mo ń gbọ́ ẹ̀rín náà títí ọkọ̀ fi ya kọ̀rọ̀. Ìgbà ìkẹyìn tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nìyẹn.

Àríyọ̀ lorúkọ rẹ̀, ọmọ Àyèká. Ìyá Akínrẹ̀mí ni àdúgbò ń pè é. Èmi, Ìyá Láyí, ni ìyàwó kejì. Epo pupa ló ń tà. Ó ga, ó dúdú, ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ọ̀dọ̀ Tẹniọlá ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ló sì ń lọ, kó lè bá a wẹ ọmọ. Afárá tó ń pariwo rẹ̀ ní gáréèjì, kò sí lórí odò kankan. Inú tẹlifíṣọ̀n ló wà. Inú géèmù. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ débẹ̀ ná.

Kí géèmù tó dé, èmi àti ìyálé mi kì í jà, a kì í sì í ṣeré. "Ẹ káàárọ̀" tí mo ń kí i, bí ẹni ń san owó orí ni. Bí mo bá ní ọ̀rọ̀ kan láti bá a sọ, ọkọ wa ni mo ń sọ ọ́ fún. Bí òun náà bá ní èsì, ewúrẹ́ ni yóò kọjú sí: "Ìwọ ewúrẹ́ yìí, ṣé o mọ̀ pé iyọ̀ ọbẹ̀ àná ti pọ̀ jù?" Ewúrẹ́ yóò wò ó. Èmi yóò gbọ́. Bí a ṣe ń gbé e nìyẹn, ogún ọdún gbáko, tí a fi ń jẹ púpurú láti inú ìkòkò kan náà.

Lọ́dún 1994 ni ọkọ wa kú. Awakọ̀ agbégi ni, èèyàn jẹ́jẹ́. Ẹbí ní kí àwa méjèèjì jókòó opó pọ̀ nínú yàrá kan fún oṣù mẹ́ta. Aṣọ dúdú ni a óò máa wọ̀, a kò gbọ́dọ̀ dé ọjà, a kò gbọ́dọ̀ ṣeré lọ sí ilé ẹnikẹ́ni. Agatha, àbúrò ọkọ wa, ló kà á fún wa ní ẹsẹẹsẹ, ó sì fi èyí tó le jù parí rẹ̀: "Ẹ gbọ́ mi o, ẹ̀yin ìyàwó wa. Wọn kì í gbọ́ ẹ̀rín opó síta."

Ìyálé mi ní, "Ọkọ mi, kí la fẹ́ fi rẹ́rìn-ín?"

Òótọ́ ló sọ lọ́jọ́ náà. A jókòó sórí ẹní, ó kọjú sí ògiri kan, mo kọjú sí èkejì. Kò sí ọkọ tí a óò máa rán sí ara wa mọ́. Wọn kò sì jẹ́ kí ewúrẹ́ wọlé.

Ṣùgbọ́n Akínrẹ̀mí, àkọ́bí rẹ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ wẹ́dà ní Wàrí, ti ra géèmù orí tẹlifíṣọ̀n wá fún àwọn àbúrò rẹ̀ ní Kérésì. Inú yàrá tí a wà ni tẹlifíṣọ̀n wà, nítorí náà ìṣojú wa ni àwọn ọmọ ti ń ta á, bí ẹni ń ta ayò, tí wọ́n bá ti ti ilé ìwé dé. Ọkùnrin kékeré méjì ni, ọ̀kan wọ pupa, èkejì wọ aró. Wọn a máa sáré nínú igbó, wọn a máa fo kòtò, alákàn á máa lé wọn. Mo rí i pé ìyálé mi ti ń yí ẹní rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀. Láyí, ọmọ mi, dé orí igi tí wọ́n fi dábùú odò, ó já bọ́. Ó tún dé ibẹ̀, ó tún já bọ́. Ìyálé mi kò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Kí ló dé tó ń wo ẹsẹ̀? Lórí igi, wọn kì í wo ẹsẹ̀, iwájú ni wọ́n ń wò! Ta ló kọ́ ọkùnrin yìí bí wọ́n ṣe ń lọ sóko?"

Ní Àyèká tó dàgbà sí, orí irú igi bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbà re oko, pẹ̀lú agbọ̀n ẹ̀gẹ́ lórí. Ọ̀rọ̀ afárá kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré lójú rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bí àwọn ọmọ ti kọjá ẹnu ọ̀nà lọ sí ilé ìwé, ó ní, "Ìyàwó, ti ilẹ̀kùn."

Ó bá mi sọ̀rọ̀ tààrà! Mo kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn mi bóyá ewúrẹ́ wà níbẹ̀.

A jókòó ti kinní náà. Páàdì méjì ló ní, pẹ̀lú okùn gígùn. Ìkíní ní bọ́tìnì tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ géèmù, ìkejì kò ní. Ẹni tó mú ìkejì, àfi kó dúró kí ẹni ìkíní tó bẹ̀rẹ̀. Ìyálé mi yẹ èyí wò, ó yẹ ìyẹn wò, ó mi orí.

"Hẹn-ẹn. Ẹni tó ṣe kinní yìí mọ ilé olórogún."

Ó mú ìkíní, ó na ìkejì sí mi. Pupa ni ìyálé, aró ni ìyàwó. Kò sẹ́ni tó jiyàn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, a fò! Ọwọ́ ló yẹ kó máa fò, gbogbo ara wa ló ń fò. Bí ọkùnrin rẹ̀ bá fo kòtò, òun náà á gbé ìdí kúrò lórí ẹní. Bí alákàn bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, n óò ká ẹsẹ̀ mi kò kó má baà gé e. Ìgbà tí mo wà ní Osooro lọ́mọdé, èmi ni mo mọ súwè fò jù ní òpópónà wa. Lẹ́yìn tí mo délé ọkọ, ta ló tún ń rí ìyàwó ilé tó ń fi ẹsẹ̀ kan fò? Mo ti gbà pé ìyẹn ti lọ pẹ̀lú ìgbà èwe. Àṣé inú àpótí kékeré kan ló sá pamọ́ sí, tó ń dún pì-pìrì-pí, tó ń dúró kí n wọ aṣọ opó kí n tó wá bá a.

Gbogbo ohun tó ń lé wa la fún lórúkọ. Àwọn ẹyẹ tó ń já ṣòòrò wálẹ̀ ni agbowó-orí. Aláǹgbá tó máa ń sùn sójú ọ̀nà ni ọlọ́kadà. Òǹrorò onírùngbọ̀n kan wà níwájú tó máa ń ju òkúta, tó sì máa ń kùn hùn-ùn hùn-ùn. Ìyálé mi wò ó títí, ó rọra ní, "Ìyàwó, ta lo rí yìí?"

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, n kò lè sọ ọ́."

"Sọ ọ́."

"Ọkọ wa ni, bí oúnjẹ bá pẹ́."

Ó fi ìrọ̀rí bo ẹnu ara rẹ̀ kí ẹ̀rín má baà jáde. Ìrọ̀rí náà ń gbọ̀n.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Agatha kó àwọn ìyá ìjọ Aládùúrà wá gbàdúrà fún wa. Agogo wọn ni a gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti ń bọ́ bàtà. Ìyálé mi tẹ bọ́tìnì kí géèmù dúró jẹ́ẹ́, ó ju ìborùn dúdú bo tẹlifíṣọ̀n. Èmi jókòó lé páàdì méjèèjì. Wọ́n wọlé pẹ̀lú sùtánà funfun, wọ́n tan àbẹ́là, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ó ń lọ dáadáa o. Àfi bí wọ́n ti dé ibi "Olúwa, tu àwọn opó yìí nínú," mo sún ara díẹ̀, ìdí mi sì tẹ bọ́tìnì. Orin géèmù bú jáde lábẹ́ aṣọ dúdú: pì-pìrì-pí! pì-pìrì-pó! Ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà tilẹ̀ ti ń mi èjìká sí i kó tó rántí ara rẹ̀.

Ìyálé mi ké, "Yéè! Ọkọ mi o!" ó dojú bolẹ̀. Èmi náà ṣubú lù ú. A bo ojú, èjìká wa ń gbọ̀n, omi ń dà lójú wa. Àwọn ìyá ń fọwọ́ pa wá lẹ́yìn: "Ẹ jẹ́ kí wọ́n sun ún, ẹkún a máa mú ọkàn fúyẹ́." Ìyálé mi wá fi ẹnu sún mọ́ etí mi nísàlẹ̀ níbẹ̀, ó ní, "Ìyàwó, sáré, gba páàdì mi fún mi, wọ́n ti ń pa ọkùnrin mi!"

Ó kù díẹ̀ kí n kú.

Nígbà tí àwọn yòókù lọ, Agatha kò lọ. Ó ti ilẹ̀kùn, ó ká ìborùn kúrò lójú tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀rù bà mí. Ó lè kó kinní náà lọ, ó sì lè pín wa sí yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. A kúnlẹ̀.

Agatha ní, "Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ẹ̀rín láti ẹ̀yìnkùlé."

"Ọkọ mi, ẹ má bínú," ni ìyálé mi wí. Kò sí eré lójú rẹ̀ mọ́.

Agatha jókòó sétí ẹní. "Gbogbo ayé rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń bẹ̀ mí pé kí n bá òun bá yín sọ̀rọ̀, kí ẹ lè jọ máa rẹ́rìn-ín nínú ilé yìí. Ìgbà tó kú tán lẹ wá ń rín in." Ó fi etí aṣọ nu ojú. "Ẹ yí ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn èèyàn ń kọjá."

Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà. "Èwo nínú wọn ni ti ìyàwó?"

"Aró ni, ọkọ mi."

"Mo mọ̀. Aró yẹn kò mọ afárá í kọjá."

Àṣé ó ti ń yọjú lójú fèrèsé!

Òótọ́ ló sì sọ. Afárá kan wà níparí géèmù náà. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá ti tẹ pákó, pákó á máa já bọ́ lẹ́yìn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ẹni kejì gbọ́dọ̀ wà ní gìgísẹ̀ rẹ̀. Èmi kò sì lè ṣe é. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ, bí ìyálé bá ń lọ, mo máa ń fi àyè sílẹ̀ kí ó tó di pé mo tẹ̀lé e. Ọwọ́ mi ti mọ ọ́n. Bí pupa bá gorí afárá, aró á dúró bí ọmọ tí wọ́n kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Kó tó tẹ̀ síwájú, pákó ti tán.

Ìyálé mi á pariwo, "Ta ló sọ fún ọ pé wọ́n ń bu ọlá nínú tẹlifíṣọ̀n? Gun ẹ̀yìn mi! Tẹ̀ mí mọ́lẹ̀!"

"Ìyá mi, mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ kọjá ni."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ n kọjá!"

Òun nìkan dé òdìkejì rí, lọ́jọ́ kan. Ilé kan wà lọ́hùn-ún, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ń jáde nínú rẹ̀. Kò sí ọmọ kankan nínú ilé wa tó tíì dé ibẹ̀. Mo ní, "Ẹ wọlé! Ẹ wọlé ká rí ohun tó wà nínú rẹ̀!" Ó wo ilé náà, ó wo odò tí aró mi ti rì sí. Ó yí pupa padà, ó mú un fò sínú omi.

"Ìyá mi! Kí lẹ ṣe yẹn?"

"Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀ nìkan? Ta ni n óò máa bá jà? Ó yá, jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀."

A bọ́ aṣọ opó, a kò bọ́ géèmù. Bí a bá ti ọjà dé, tí iná bá wà, ó di orí ẹní. Ọdún mẹ́ta sí i ni a fi ń lé afárá yẹn. Mo ti ń súnmọ́ ọn, ẹ gbà mí gbọ́. Lọ́sẹ̀ tó fẹ́ lọ sí Àkúrẹ́, ó ku pákó kan ṣoṣo fún mi! Ó fò dìde, ó gbá mi mọ́ra, ó ní bí òun bá ti dé, ọjọ́ náà gan-an ni a óò wọ ilé yẹn. Ó ká okùn páàdì rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ìyẹn ló mú kó máa kígbe lójú fèrèsé takisí.

Ó sun oorun ọ̀sán ní Àkúrẹ́, lẹ́yìn tó wẹ ọmọ tán, kò jí. Wọ́n gbé e wá sílé, a sin ín sí Àyèká. Agatha ló jókòó tì mí. Fún ara mi ni mo sunkún lọ́tẹ̀ yìí, kò sí àrékérekè nínú rẹ̀.

Lọ́dún yìí, 1999, Láyí ra géèmù tuntun wálé. Àwo pẹlẹbẹ ló ń jẹ, bíi ti olórin. Àwọn èèyàn inú rẹ̀ ní imú, wọ́n ní èékánná, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ketekete, ojú wọn sì ń ṣẹ́. Mo ta á wò. Ó dùn, n kò ní purọ́, mo tilẹ̀ fi mọ́tò kan wọ inú òkun, mo rẹ́rìn-ín títí ìhà mi fi dùn mí. Ṣùgbọ́n mo yẹ àwọn páàdì rẹ̀ wò. Méjèèjì ló ní bọ́tìnì ìbẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ló lè bẹ̀rẹ̀, kò sí ìyálé, kò sí ìyàwó. Ìyálé mi ì bá ti ní, "Ẹni tó ṣe èyí kò láya méjì."

Láyí ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n so ti àtijọ́ fún yín. Ẹ mú ìkíní, kí èmi mú ìkejì, ká sọdá afárá yín lónìí."

Mo ní kó fi í sílẹ̀ ná.

Páàdì ìkíní wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, bí ó ṣe ká okùn rẹ̀ náà ló wà. Ìkejì wà lọ́wọ́ mi. A kò tíì sọdá afárá náà.