Nọ́ọ̀tì Bẹ́ẹ̀dì Tó Wọnú Mọ́tò Daddy

Kí n tó pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, iye ìgbà tí mo ti mọ́tò bàbá mi ti ju iye ìgbà tí mo jókòó sínú rẹ̀ lọ. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin tí a jọ dàgbà á ti máa rẹ́rìn-ín, nítorí ẹ̀yin náà ti ti tiyín. Mọ́tò wa ti jẹ́ búlúù rí. Nígbà tí mo gbọ́njú mọ̀ ọ́n, kò ní àwọ̀ kan pàtó mọ́. Láàárọ̀, bí a bá ti jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà tán, ẹ̀yìn mọ́tò ni à ń gbà lọ tààrà: èmi, Rájì ẹ̀gbọ́n mi, àti Mummy tó ti fi gèlè gbàjá mọ́dìí. Daddy á jókòó nídìí ọkọ̀ pẹ̀lú táì lọ́rùn, á yọ orí síta, á ní, "Ó yá, ẹ fi agbára sí i!" bí ẹni pé agbára ló ń bá wa rà lọ́jà.

Àdúgbò náà kì í jẹ́ ká dá a tì. Alhaja tó wà nílé kejì sí tiwa á jáde, ọlọ́kadà á dúró, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ polí á gbé ìwé wọn sílẹ̀ lórí pèpéle. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti jí, Daddy kò gbọdọ̀ dúró, kó má baà tún kú. Àwa ni a ó sáré tẹ̀ lé e tí a ó fò wọlé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Daddy gbàgbé wa pátápátá tó lọ.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́ ni pé tíṣà ni bàbá mi, ìmọ̀ ẹ̀rọ ló sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ijagbo. Ó lè ya ẹ́ńjìnnì sójú bọ́ọ̀dù kí ẹ fẹ́ gbọ́ ìró rẹ̀. Àmọ́ kò sí ẹ̀rọ kan nílé wa tó gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Rédíò tó tún ṣe kì í sọ̀rọ̀ àyàfi tí a bá gbá a létí. Fáànù tó tún ṣe ń fẹ́ atẹ́gùn sí ògiri.

Ọ̀rọ̀ mọ́tò yìí ì bá máa lọ bẹ́ẹ̀ ká ní kì í ṣe ti ojú Màmá. Màmá ni ìyá Mummy, Ojoku ló ń gbé, ojú rẹ̀ méjèèjì sì ti ṣú débi pé ohùn ló fi ń dá wa mọ̀. Ó pẹ́ tí a ti ń dúró kí wọ́n tó fún un ní ọjọ́ tí wọn yóò ṣe iṣẹ́ abẹ ojú náà fún un ní Ìlọrin. Wọ́n ní Mọ́ńdè, ní kùtùkùtù. Mummy gbé abẹ́rẹ́ ìránṣọ rẹ̀ sílẹ̀, ó kọjú sí Daddy.

"Bàbá Rájì, ta ló máa bá wa ti mọ́tò ní Ìlọrin? Ṣé Màmá tí kò ríran ni àbí dókítà?"

Daddy dìde, ó lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Lásún, mẹkáníìkì tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́bàá ojú irin. Mo bá a lọ. Lásún tẹ́tí sí mọ́tò náà lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní sítátà ti kú. Sítátà yìí ni irin kékeré tó wúwo tó máa ń jí ẹ́ńjìnnì lójú oorun bí a bá yí kọ́kọ́rọ́. Ó mú tòkunbọ̀ kan jáde, ó ní kí Daddy gbé ọkọ̀ sílẹ̀ fún òun. Daddy ra sítátà, ṣùgbọ́n ó ní òun máa fọwọ́ ara òun yí i nílé.

Lásún ní, "Tíṣà, ẹ rọra o. Mọ́tò kì í ṣe bọ́ọ̀dù."

Daddy ní, "Ohun tí ìwọ ń fọwọ́ tá lásán, èmi ni mo ń kọ́ni ní ìdí rẹ̀."

Wọn ò kí ara wọn pé ó dàbọ̀.

Ní Sátidé, Daddy wọ ṣòkòtò tó ti ya lórúnkún, ó tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀, ó sì pè wá jọ bí ẹni tó fẹ́ kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́. Rájì ni yóò máa na sípánà sí i. Èmi, ó fún mi ní agolo mílíìkì kan. Ó ní nọ́ọ̀tì méjì ló di sítátà mú mọ́ ara ẹ́ńjìnnì, inú agolo yìí ni wọ́n máa wà, bí ọ̀kan bá sọ nù, kí n má ṣe wá òun wá, kí n kàn máa wá ilé mìíràn gbé.

Gbogbo wa la mọ̀ pé orí bátìrì ló yẹ kó kọ́kọ́ tú kí iná má baà ṣẹ́. Ó sọ ọ́ fún wa fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé sípánà wọnú ẹ́ńjìnnì láì tú u. Iná ṣẹ́ yẹ̀rì! Daddy fò sókè, ó forí gbá bónẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó gba ara rẹ̀, ó ní, "Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, kí ẹ lè fojú ara yín rí i." Rájì mirí bí ọmọ gidi. Èmi wo inú agolo mi, nítorí tí mo bá wo ojú Rájì, ẹ̀rín á pa mí.

Ìgbà tó fi máa tú sítátà àtijọ́ kúrò, oòrùn ti kàn àtàrí, wọ́n sì ti pe ìrun. Daddy lọ ṣe àlùwàlá. Ọmọ Alhaja ti ya ṣùwẹ̀ sílẹ̀ nítòsí kànga wọn, ó ní kí n wá. Mo ní mò ń ṣọ́ agolo. Ó ní kí n máa gbé e bọ̀. Òkúta tí a fi ń jù ń yí kiri ṣáá, mo sì rántí pé nọ́ọ̀tì wúwo, kò ní yí. Lóòótọ́, kò yí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jù ú lẹ́ẹ̀kẹta, ó bá etí kọnkéré, ó ta, mo sì gbọ́ ọ nínú kànga: pùmú.

Mo dúró lórí ẹsẹ̀ kan fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo ronú bí olóríburúkú ọmọ. Bẹ́ẹ̀dì onírin kan wà ní yàrá Daddy àti Mummy, nọ́ọ̀tì méjì ló sì di igun rẹ̀ kọ̀ọ̀kan mú. Mo ní lọ́kàn mi pé ọ̀kan tó. Kí Daddy tó kírun tán, mo ti fi sípánà tú ọ̀kan, mo ti jù ú sínú agolo.

Daddy fi nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ sí i, ó wọlé wẹ́rẹ́. Ó fi èkejì sí i, ó kọ̀. Ó yọ ọ́, ó wò ó, ó nù ún.

Ó ní, "Ó ti wú. Rájì, kí ló máa ń mú irin wú?"

Rájì ní, "Oòrùn ni, sà."

"O káre." Ó bá gbé òòlù.

Bí ó ti ń gbá a ni mo ń fi agolo mi bojú. Ó gbá a títí ó fi wọlé, ó wáá fi sípánà ńlá fún un pinpin. Ó so orí bátìrì mọ́ ọn, ó wọ mọ́tò, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì jí lẹ́ẹ̀kan náà! Mummy ké, Rájì jó. Alhaja sáré jáde, ó ti di ìró mọ́dìí láti wá tì í, ó bá mọ́tò tó ń dá sọ̀rọ̀. Ó kí Daddy kú oríire, ṣùgbọ́n ó jọ pé inú rẹ̀ bàjẹ́ díẹ̀.

Èmi nìkan ni kò jẹ dòdò tán lọ́jọ́ náà. Mò ń rí i lọ́kàn mi bí sítátà ṣe máa já sílẹ̀ lọ́nà Ìlọrin, tí mọ́tò á gbókìtì, tí Màmá á sì kú láì tíì rí ojú mi. Mo fẹ́ sọ. Mo wo ẹgba tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, mo tún gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Ní Sọ́ńdè, Daddy lọ gbé Màmá wá láti Ojoku pẹ̀lú iṣu mẹ́fà. Mọ́tò kò ṣe ohunkóhun, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bóyá Ọlọ́run ti bò mí láṣìírí. A jẹ iyán. Mummy ní kí Màmá lọ sinmi lórí bẹ́ẹ̀dì ńlá nítorí ìrìn àjò ọ̀la. Mò ń fọ abọ́ lẹ́yìnkùnlé nígbà tí mo gbọ́ gbàgà! Gbogbo wa sáré wọlé. Igun bẹ́ẹ̀dì kan ti balẹ̀, Màmá sì ti rọra yọ̀ wá sílẹ̀ pẹ̀lú ìrọ̀rí lọ́wọ́, kò sí ohun tó ṣe é.

Ó béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Ṣé a ti dé Ìlọrin ni?"

Daddy bẹ̀rẹ̀, ó wo igun bẹ́ẹ̀dì náà. Nọ́ọ̀tì kan ti ya kúrò lára rẹ̀, ihò èkejì sì ṣófo. Ó wò ó pẹ́. Mo rí i bó ṣe ń rántí irin tó wú.

"Rìsí," ló wí, láì gbé ohùn sókè.

Mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀ kó tó pè mí tán. Mo rò ó láti orí ṣùwẹ̀ dé ìsàlẹ̀ kànga, mo sì fi kún un pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé Màmá lọ, ó máa já, ẹ jọ̀ọ́!" Ẹkún gba ọ̀rọ̀ tó kù lẹ́nu mi. Daddy kò tilẹ̀ rántí ẹgba. Ó ní kí n lọ kúnlẹ̀ níwájú ilé, kí n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

Mummy ní, "Ẹ lọ pe Lásún."

Daddy ní òun á wá nǹkan ṣe sí i.

"Bí ẹ ò bá lọ, èmi á lọ. Màá sì rò ó fún un látorí bẹ́ẹ̀dì."

Daddy lọ fúnra rẹ̀. Ẹsẹ̀ ló fi rìn, bóyá kó lè pẹ́ kó tó dé ibẹ̀.

Lásún dé, ó wọ abẹ́ mọ́tò. Láti orí ìkúnlẹ̀ mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mò ń rí. Kò pẹ́, ẹsẹ̀ méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹ̀rín ló ń rín.

Ó ní, "Tíṣà! Nọ́ọ̀tì bẹ́ẹ̀dì yìí le bí òkúta. Èyí tó jẹ́ ti mọ́tò gan-an, tí ẹ fọwọ́ ara yín dì, ìka méjì ni mo fi tú u. Ká ní kì í ṣe ti bẹ́ẹ̀dì yìí ni, sítátà yín ì bá ti já sójú títì Ojoku."

Mummy yíjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Daddy wo mọ́tò, ó wo mí, ó húkọ́.

"Dìde," ló wí. Lẹ́yìn tó ronú díẹ̀, ó ní, "Ṣùgbọ́n ìwọ lo máa fa omi Alhaja fún ọ̀sẹ̀ kan. Bóyá wàá rí nọ́ọ̀tì náà."

Lásún fi nọ́ọ̀tì gidi méjì sí i láti inú àpótí rẹ̀. Daddy dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń gbé àgbo mì, Mummy sì gbé iyán tó kù fún un. Ní Mọ́ńdè, wọ́n lọ, wọ́n bọ̀, ẹnikẹ́ni kò ti mọ́tò. Nígbà tí ojú Màmá là tán, ó dúró níwájú ilé wa, ó wo mọ́tò náà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ó ní, "Ṣé èyí lẹ fi ń gbé mi? Ká ní mò ń ríran ni, ǹ bá má wọ̀ ọ́."

Lóde òní, èmi náà ti ní mọ́tò ní Ọ̀fà yìí, bọ́tìnnì ni mo ń tẹ̀ kó tó jí. Bí nǹkan bá ṣe é, mẹkáníìkì á ki ẹ̀rọ kan bọ̀ ọ́ lára, mọ́tò á sì fẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tó ń dùn ún. Bí àwọn ọmọ mi bá ṣẹ̀, mo máa ń ní kí wọ́n lọ jókòó sí yàrá wọn, níbi tí fáànù àti fóònù wà. Èmi, ojú ọ̀nà ni wọ́n ti jẹ mí níyà, ẹni tó bá sì ń kọjá lọ á dúró gbọ́ ẹjọ́ kó tó fi tirẹ̀ kún un.

Mi ò ní purọ́ fún yín pé ayé ìgbà yẹn dára ju èyí lọ. Ẹni tó bá ti fi yúnífọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ ti mọ́tò gba inú ẹrẹ̀ rí kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, mọ́tò mi kọ̀ níwájú ilé láàárọ̀. Mo jókòó sínú rẹ̀, mò ń dúró de mẹkáníìkì, àwọn èèyàn sì ń kọjá, wọ́n ń kí mi kú ìjókòó. Mọ́tò mi tòní, bó bá kọ̀, èmi nìkan ló kọ̀ fún. Ti Daddy, gbogbo àdúgbò ló máa ń kọ̀ fún.