Ìyá Káàdì ní Ilé Ìtẹ̀wé

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni ìyàwó mi.

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló fi ń rán ìwé pọ̀ ní ilé ìtẹ̀wé kan. Abẹ́rẹ́, òwú, gúlúù. Nígbà tó yá, ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gan. Ọ̀gá ní tí oṣù bá ti parí, kó máa lọ sílé. Kò sunkún. Ó kàn ń ki ọwọ́ bọ omi gbígbóná láràárọ̀, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó fẹ́ràn ibẹ̀.

Ìyá Káàdì ni wọ́n ń pè é. Bàbá rẹ̀ se oúnjẹ nínú ọkọ̀ òkun. Àwọn atukọ̀ kọ́ ọ ní káàdì títa àti ọ̀rọ̀ Òyìnbó inú rẹ̀, òun náà kọ́ ọmọ rẹ̀. Bí wọ́n bá jáde ìsinmi ọ̀sán, kò sẹ́ni tí kì í nà nídìí káàdì.

Oṣù ku ọjọ́ mẹ́rin nígbà tí ìwé kan dé iwájú rẹ̀. Àkànlò èdè Òyìnbó ni, pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀, fún àwọn ọmọ iléèwé. Tíṣà kan tó kàwé gan-an ló kọ ọ́. Ẹyọ kan péré ni wọ́n tíì tẹ̀, kí wọ́n lè wò ó. Ìyàwó mi ṣí i, ó ka ojú ewé bíi mélòó kan, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Àwọn tó wà níbẹ̀ ló ròyìn fún mi. Òun kì í fọ́nnu.

Tíṣà wà nítòsí. "Kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín, màmá?"

"Ẹ ní bí Òyìnbó bá ní ọwọ́ èèyàn wà lókè pákó, ipò gíga lẹni náà wà. Tíṣà, ẹ ti ta káàdì rí?"

"Èmi kẹ̀? Iṣẹ́ ọ̀lẹ!"

"Ó hàn."

Gbogbo yàrá hó. Inú bí Tíṣà. "Abẹ́rẹ́ ni wọ́n gbà yín fún. Ẹ fi ìwé sílẹ̀ fún àwa tá a kà á."

Ariwo yẹn ló mú ọ̀gá jáde. Ìyàwó mi ò ṣàlàyé rẹpẹtẹ. Ó gbé gúlúù kúrò lórí tábìlì, ó ní kí ọ̀gá àti Tíṣà jókòó, ó pín káàdì.

"Ọ̀gá, ẹ kó ọwọ́ yín sábẹ́ tábìlì."

Ọ̀gá ṣe bẹ́ẹ̀. Kíá, Tíṣà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo abẹ́ tábìlì.

"Kí lẹ ń wá, Tíṣà?"

"Kí ni wọ́n ń fọwọ́ ṣe níbẹ̀?"

"Ẹ ṣeun. Ọ̀gá, ẹ gbé ọwọ́ sókè. Òkè pákó nìyẹn; tábìlì ni pákó náà. Ẹni tí kò ṣe màgòmágó ni wọ́n ń sọ."

Ìyàwó mi ṣí ojú ewé mìíràn.

"Ẹ tún kọ ọ́ pé ẹni tó ní éèsì nínú apá ẹ̀wù, ahun ni. Éèsì ni káàdì tó lágbára jù. Ahun kọ́ rárá. Ẹni tó fi ohun tó máa fi borí pamọ́ ni." Ó gbọn apá ẹ̀wù rẹ̀. Éèsì já bọ́ sórí tábìlì.

Tíṣà lanu. "Ìgbà wo lẹ fi í síbẹ̀?"

"Ìgbà tẹ́ ẹ̀ ń wo abẹ́ tábìlì."

"Ìyá Káàdì! Ẹ ò ní pa wá!" Wọ́n ń gbá tábìlì. Tíṣà fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó fa àga súnmọ́ ọn. "Ẹ jọ̀ọ́, màmá, àṣìṣe mélòó ló tún kù?"

"Mẹ́sàn-án."

Ọ̀gá ò jẹ́ kí wọ́n tẹ ìwé náà mọ́ títí wọ́n fi tún un ṣe. Ó wá ní kí ìyàwó mi má lọ sílé o. Ó fún un ní àga nínú yàrá tí wọ́n ti ń ka ìwé wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ojú ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ojú rẹ̀ dáa ju tèmi lọ.

Ó ń súfèé bọ̀ wálé lọ́jọ́ náà. Ó jẹ ìrẹsì àti ẹyin méjì, ó tún mú ẹja inú àwo mi.