Ọjọ́ Tí Mo Rákò Níwájú Akọ̀wé Ìjọba

Òórùn àdí àgbọn ni mo fi mọ̀ pé ọjọ́ náà kì í ṣe ọjọ́ lásán. Láàárọ̀ kùtù, ìyá mi ti fi pa mí lára títí ara mi fi ń dán, wọ́n wọ aṣọ Iléyá fún mi, wọ́n sì fi híjáàbù gígùn bò ó. À ń lọ sí ọ́fíìsì ìjọba kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti forúkọ sílẹ̀ fún kẹ̀kẹ́ tí ìjọba fẹ́ fún àwọn aláàbọ̀ ara. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti mú ẹsẹ̀ òsì mi láti kékeré, ilé ẹ̀kọ́ girama tí mo wọlé sí sì jìnnà sí ilé wa ní Ọjà Igbó. Láìsí kẹ̀kẹ́, kò sí ilé ẹ̀kọ́.

Ìyá mi kì í gbà kí ẹnikẹ́ni pè mí ní arọ. Wọ́n ti bá obìnrin kan wọ̀yá ìjà nítorí ẹ̀ ní Tákíè rí. Àwọn ni wọ́n kọ́ mi bí mo ṣe lè fi ọwọ́ ti itan mi lábẹ́ híjáàbù, tí n ó fi rìn bí ẹni tó kàn ń rọra gbẹ́sẹ̀. "Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀," ni wọ́n máa ń wí.

Bí mo ṣe rìn wọlé nìyẹn. Akọ̀wé wò mí látòkè délẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ má bínú. Àwọn tí ò lè rìn là ń kọ. Ọmọ tiyín ń yan."

Ìyá mi ò bá a jà. Wọ́n bọ́ híjáàbù lọ́rùn mi, wọ́n ká a. "Ràfíátù, rákò."

Obìnrin tó jà nítorí mi ní Tákíè ló ń sọ èyí níwájú èrò! Mo wo ojú wọn bóyá eré ni. Kì í ṣe eré. Mo bá kúnlẹ̀, mo fọwọ́ méjèèjì tẹlẹ̀, mo wọ́ dé ìdí tábìlì. Akọ̀wé kọ orúkọ mi. Kẹ̀kẹ́ dé, mo sì kàwé.

Ó pẹ́ tí mo fi bínú sí ìyá mi. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí báyìí ni pé kí n rákò nìkan ni wọ́n sọ. Èmi ni mo fi ìkérora kún un fúnra mi, nígbà tí mo rí i pé akọ̀wé ò tíì mú bírò.

Lónìí, olùkọ́ ni mí ní Ọ̀yọ́. Kíláàsì mi wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹsẹ̀ yìí sì ń ro mí gan-an. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń wá ẹnu tí n ó fi sọ fún ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ pé kí wọ́n gbé mi wá sí kíláàsì ìsàlẹ̀.