Àwòdì Tí Mo Gbé Lọ sí Kíláàsì

Láwọn ọdún tí owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kì í wọlé ni mo wà ní kíláàsì karùn-ún ní Àkúrẹ́, lọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi tí mò ń pè ní Àǹtí. Àǹtí ò fi ọ̀rọ̀ bò fún mi: "Bó o bá tún fìdí rẹmi ní táàmù yìí, Oǹdó lò ń padà sí o, kó o lọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ lọ́dọ̀ ìyá rẹ." Mi ò fẹ́ ránṣọ. Ìwé ni mo fẹ́ kà.

Tíṣà wá ní a fẹ́ kọ́ nípa bí nǹkan ṣe ń fò. Kí kálukú fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe káìtì wá lọ́jọ́ Jímọ̀, máàkì rẹ̀ á wọnú ti ìdánwò. Mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ káìtì, ojú sì ń tì mí láti béèrè. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà délé.

Akọ̀wé ìjọba ni ọkọ Àǹtí, tí mò ń pè ní Dádì. Iṣẹ́ tí wọn ò sanwó rẹ̀ ti sú u, ilé ló máa ń jókòó sí. Bó ṣe gbọ́ báyìí, ó fò dìde.

"Káìtì? Àwòdì nìyẹn! Èyí tó ń gbé ọmọ adìẹ. Ṣé wọn kì í kọ́ yín ní Gẹ̀ẹ́sì mọ́ ni?"

Bó ṣe gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi nìyẹn. Ó rán mi lọ tọrọ ìyẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń pa adìẹ lọ́jà. Ó gbẹ́ igi ìbẹ́pẹ, ó fi ẹ̀bà lẹ ìyẹ́ mọ́ ọn, ó sì ṣe ẹnu rẹ̀ kọdọrọ. Bí mo bá fọwọ́ kàn án, á ní, "Rọra, o fẹ́ bà á jẹ́!"

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ọ̀rá tí wọ́n nà sórí igi ìgbálẹ̀, tí òwú gùn lẹ́yìn rẹ̀, ni àwọn yòókù gbé wá. Bébà là ń pe nǹkan yẹn ní Oǹdó! Mo ti ṣe é láìmọye ìgbà!

"Ẹ kó adìẹ yín wọlé o!" ni wọ́n ń kígbe. "Ìyá Àwòdì ti dé!"

Tíṣà wò mí títí. "Ta ló ní kó o ṣe ẹyẹ?"

Mo gbá àwòdì mi mọ́ àyà.

"Ó dáa, jẹ́ kó fò ká rí i."

Gbogbo wa jáde sí ìta, mo jù ú. Ó balẹ̀ gbì níwájú adìẹ kan tó ń kó ọmọ kiri. Adìẹ náà figbe ta, ó da ìyẹ́ bo àwọn ọmọ rẹ̀. Gbogbo kíláàsì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sẹ́rìn-ín. Tíṣà pàápàá rẹ́rìn-ín, ó sì fún mi ní òdo.

Nígbà tí èsì ìdánwò jáde, máàkì díẹ̀ ló kù kí n yege. Àǹtí di ẹrù mi. Àwọn méjèèjì ló sìn mí dé gáréèjì.

"Tíṣà yẹn ni ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì," ni Dádì wí.

"Ìwọ náà ò gbọ́ ọ. Àṣá ló ń jẹ́ káìtì," ni Àǹtí dá a lóhùn.

"Àṣá kẹ̀? Họ́ọ̀kì ni wọ́n ń pe àṣá!"

"Irọ́ ni."

Wọ́n dúró ti ọkọ̀, wọ́n ń jiyàn. Dẹ́rẹ́bà ń pariwo, "Oǹdó! Oǹdó! Ó ku ẹnì kan!" Mo gbé àpò mi, mo wọ ọkọ̀, mo jókòó. Wọ́n ṣì ń jiyàn nígbà tí ọkọ̀ gbéra.