Irin Tí Ìyá Mi Fi Ń Jí Lọ́rì

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí orí mi kò tíì ga ju táyà lọ́rì bàbá mi lọ, mo gbà pé ohun abẹ̀mí ni lọ́rì náà. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ òde òní. Ọkọ̀ onípákó ni, òun ni bàbá mi fi ń kó iṣu láti oko wá sí stéṣàn rélùwéè ní Ọ̀fà níbí. Láràárọ̀ ni wọ́n ní láti jí i, mo sì máa ń sá jáde láìfọjú kí n lè rí i.

Irin kan ni wọ́n fi ń jí i. Ó gùn tó apá mi nígbà náà, ó tẹ̀ lọ́nà méjì. Wọn a tì í bọ ihò tó wà níwájú ẹ́ńjìnì, wọn a sì yí i. Àmọ́ irin náà ń tàpá. Bí ẹ́ńjìnì bá dá a padà lójijì, ó lè ṣẹ́ ọrùn ọwọ́ èèyàn. Nítorí náà bàbá mi kò gbé e fún kọ́ńdọ́kítọ̀ kankan. Ìyá mi ló gbé e fún. Ó ní ẹni tó bá máa dúró níwájú ọkọ̀ òun gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí òun fọkàn tán.

Bàbá mi á ti orí sítíárì pè é: "Ṣé o ti dúró?" Ìyá mi á ní, "Mo ti dúró. Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ ti jókòó?" "Mo ti jókòó." Bí wọn kò bá tíì sọ gbólóhùn wọ̀nyí tán, irin kò ní yí. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ á mì, tí àwọn ewúrẹ́ á fọ́n ká, tí ẹnu mi á là sílẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí, inú mi sì ń dùn, n kò mọ èyí tó pọ̀ jù.

Nígbà tí bàbá mi kú, èmi ni mo jogún lọ́rì náà. Iṣẹ́ tíṣà ni mo ń ṣe, ṣùgbọ́n tí a bá gba ìsinmi, èmi àti ìyàwó mi a máa fi ṣiṣẹ́. Òun náà ló ń yí irin. Ìyá mi ló kọ́ ọ pé kó má fi àtàǹpàkò ká irin náà, kó pa á pọ̀ mọ́ ìka yòókù, kí irin má baà ṣẹ́ ẹ bó bá tàpá. Nígbà tó yá, ọkọ̀ náà kọ̀ jálẹ̀, a sì gbé e jókòó sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìnkùlé. Ó pẹ́ níbẹ̀ débi pé adìyẹ ń yé ẹyin sórí ìjókòó rẹ̀.

Bí mo ṣe fẹ̀yìn tì, mo ní n ó tún un ṣe. Ìyàwó mi ní, "Ẹ ti fẹ́ máa jí òkú dìde báyìí." Síbẹ̀ òun ló ń gbé oúnjẹ fún mẹ́káníìkì àti káfíńtà. A ti pààrọ̀ pákó tán, a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì ni, nígbà tí àìsàn gbé ìyàwó mi dè. Kò pẹ́ tó fi kú. Mo ti ilẹ̀kùn kíṣìnnì rẹ̀ pa, mo fi kọ́kọ́rọ́ sápò. N kò lè wọ ibẹ̀.

Àárín ìyẹn ni ẹbí pe ìpàdé. Wọ́n fẹ́ kọ́ yàrá sẹ́yìnkùlé fáwọn ọmọ ilé. Àbúrò mi ọkùnrin ní tí lọ́rì kò bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, àwọn tó ń ra irin àlòkù á wá gé e. Kò purọ́, ilẹ̀ gbogbo wa ni. Ọmọ mi obìnrin náà ń pè láti Ìlọrin pé kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Ká ní ẹ bá mi pàdé nígbà náà, ẹ ó rò pé orí mi ti dàrú.

Mẹ́káníìkì parí iṣẹ́, ó ní, "Bàbá, irin tí a ó fi jí i dà?" Mo wá gbogbo ilé. Wẹ́dà rọ òmíràn, kò wọ ihò ẹ́ńjìnì. Ni mo bá lọ bá àbúrò mi níwájú ìyàwó rẹ̀, mo ní òun ló tà á. Ó kẹ̀yìn sí mi, ó sì wọlé.

Ọjọ́ kejì, ọmọ mi dé láti wá palẹ̀ ẹrù ìyá rẹ̀ mọ́, ó gba kọ́kọ́rọ́ kíṣìnnì lọ́wọ́ mi. Láìpẹ́ ó ní, "Bàámi, ẹ wá." Irin náà rèé, ó dábùú ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Òun ni ìyàwó mi fi ń há ilẹ̀kùn kíṣìnnì láti ìgbà tí ọkọ̀ ti kọ̀ jálẹ̀. Ó ń fi epo pa á, kò dípẹtà rárá. Ẹnu ọ̀nà iwájú ni mo máa ń dúró sí gba oúnjẹ, n kò mọ ohun tó wà lẹ́yìn. Mo sunkún bí ọmọdé.

Mo kọ́kọ́ lọ bẹ àbúrò mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ gbé ọkọ̀ yín kúrò nílẹ̀ wa." Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́.

Mẹ́káníìkì fẹ́ yí irin, ọmọ mi ní rárá. Ó lọ dúró níwájú ọkọ̀. Mo rí i tó pa àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ ìka yòókù. Èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ. Èmi ló yẹ kí n kọ́kọ́ pè é. Òun ló pè mí: "Bàámi, ṣé ẹ ti jókòó?" Mo ní, "Mo ti jókòó. Ìwọ ńkọ́?" Ó ní òun ti dúró. Ó yí i lẹ́ẹ̀mẹta, pàbó. Ẹ̀ẹ̀kẹrin, ilẹ̀ mì. Ewúrẹ́ fọ́n ká. Èmi àgbàlagbà, ẹnu mi là sílẹ̀ lórí sítíárì.

Oko àbúrò mi ni lọ́rì náà wà báyìí, ó ń kó iṣu. Ayé ti yí padà. Bọ́tìnnì ni wọ́n ń tẹ̀ láti jí ọkọ̀ òde òní, ẹnì kan kì í dúró níwájú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnìkejì. N kò bú u, ó rọrùn. Láàárọ̀ tí mo ń kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ mi ní Ìlọrin, mo wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó nawọ́ sí bọ́tìnnì. Kò tẹ̀ ẹ́. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Bàámi, ṣé ẹ ti jókòó?"

Mo ní mo ti jókòó.