Ẹja tí Mo Gbà Padà Lọ́wọ́ Ìyàwó Ọ̀gá

Àdúrà ló kó mi sí wàhálà. Mo ti ṣe àmín lọ́pọ̀ ìgbà kí n tó rántí pé ẹja tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ ṣàdúrà fún mi kì í ṣe ẹ̀bùn.

Ìparí àwọn ọdún 1970 ni. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì Háyà ní ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀dá oníyè ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Adó-Èkìtì. Háyà ni kíláàsì tí ọmọ ń ṣe lẹ́yìn girama kí ó tó wọ yunifásítì. Kò tíì pẹ́ tí èmi náà ti yunifásítì dé. Mo ní irùngbọ̀n, ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi ń gbálẹ̀, mo sì gbà pé ohun tí n kò mọ̀ kò pọ̀.

Lára iṣẹ́ wa ni kí a máa la ẹran kí àwọn ọmọ lè rí bí Ọlọ́run ṣe to inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ pọ̀ ní Adó, eku pọ̀ ní Ìyìn. Àkùràkúdà kékeré ni ìṣòro wa. Inú òkun ló ń gbé, òkun sì jìnnà sí Èkìtì bí ọ̀run ṣe jìnnà sí ẹlẹ́ṣẹ̀. Ìyá Ìlàjẹ, tó ń ta ẹja òkun nínú ọjà, ló ń bá wa wá a. Ọdún tí mo dé, ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ní ẹja tirẹ̀. Ní ọdún kejì, méjì-méjì ni wọ́n pín in. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, àárọ̀ Sátidé kan, ó tú àpò ìdọ̀họ kan níwájú mi. Ẹyọ kan ṣoṣo ló wà nínú yìnyín, kò fi bẹ́ẹ̀ gùn ju apá mi lọ.

"Ìyá, èyí nìkan?"

"Tíṣà, dúpẹ́ pé o rí i. Àwọn ọkọ wa á tukọ̀ títí wọn ò ní rí ilẹ̀ mọ́ kí wọ́n tó kan ọ̀kan. Ọkọ̀ ńláńlá ń fi àwọ̀n gbá ìsàlẹ̀ òkun bí ẹni ń gbálẹ̀ ilé. Àwọn kan tún dé tó jẹ́ pé apá àti ìrù rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń rà. Wọ́n ní ọbẹ̀ ọlọ́lá ni wọ́n fi ń sè lókè òkun. Tí wọ́n bá ti gé ìyẹn, wọ́n á ti ìyókù padà sómi."

"Òkun ò lè tán, Ìyá."

"Ta ló ní òkun ń tán? Ẹja ni mo wí."

Mo rẹ́rìn-ín, mo gbé ẹja mi. Ọjọ́ Ajé ni a ó là á, ìdánwò àṣekágbá sì ku ọ̀sẹ̀ kan. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi tó rí inú àkùràkúdà rí àfi nínú àwòrán, bẹ́ẹ̀ ni àwọn olùdánwò fẹ́ràn láti bi wọ́n nípa rẹ̀. Fọlákẹ́ wà lára wọn. Bàbá rẹ̀, àgbẹ̀ kan ní Ìjàn, ti ń pe é ní dókítà káàkiri ìlú, ọmọ tí kò tíì ṣe ìdánwò. Mo ti ṣèlérí fún gbogbo wọn pé wọn yóò rí i.

Oògùn tí a fi ń tọ́jú òkú ẹran ti tán ní ilé-ẹ̀kọ́. Ilé Ọ̀gá àgbà wa nìkan ni fírísà wà nínú ọgbà. Ọ̀gá ti lọ ṣèpàdé ní Àkúrẹ́. Ìyàwó wọn, tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́mì, ni mo bá ní ilé ìdáná. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kúulé, Mà. Ẹja kan rèé, Mà..."

Ibi tí mo bá ọ̀rọ̀ dé nìyẹn.

"Háà! Ọmọ mi! Ìwọ tí o ò tíì láya, o ra ẹja wá fún wa!" Mọ́mì ti na ọwọ́ sókè. "Olúwa á fún ẹ láya rere."

"Àmín, Mà."

"Kò ní jẹ́ oníjà."

"Àmín, Mà. Mọ́mì, ẹja yìí..."

"Má sọ̀rọ̀ lójú àdúrà. O ò ní fowó ata ra oògùn."

"Àmín o."

Nígbà tí wọ́n fi parí, mo ti ní ìyàwó, ilé àti ìbejì. Ta ló fẹ́ gba ẹ̀bùn padà lọ́wọ́ ìyàwó ọ̀gá rẹ̀ lẹ́yìn tó ti ṣe àmín sí i? Wọ́n ní àlùfáà àgbà ń bọ̀ wá jẹun lẹ́yìn ìsìn lọ́la, àwọn ò sì mọ ohun tí àwọn ó sè, àfi bí Ọlọ́run ṣe rán mi dé. Wọ́n mú ọbẹ.

Mo jókòó lórí àpótí. Mo ní, "Mọ́mì, awọ rẹ̀ rí bíi yanrìn o."

"Omi gbígbóná á bó o."

"Kò léegun gidi, Mà. Kerekere ni gbogbo rẹ̀."

"Ó ti dáa. Àlùfáà ò léyín mọ́."

"Ó máa ń rùn bí ìtọ̀ díẹ̀, Mà."

Mọ́mì wò mí. "Ohun tó ń rùn bí ìtọ̀ lo sì rà fún mi?" Wọ́n kọjú sí ẹja padà. "Ọsàn wẹ́wẹ́ á pa á."

Ìgbà náà ni ọmọbìnrin wọn, tó ti ilé ọkọ wá bímọ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, gba iwájú wa kọjá. Oyún rẹ̀ ti sọ̀, ó ń rìn bí pẹ́pẹ́yẹ. Mo wo oyún, mo wo ẹja.

Mo rẹ ohùn sílẹ̀. "Mọ́mì, ṣé ẹ mọ̀ pé ẹja yìí kì í yé ẹyin? Ó ń lóyún ni, ó sì ń bímọ bí èèyàn."

Ní yunifásítì, mo ti kà á pé irú wọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀. Irú èyí tó wà níwájú wa, n kò mọ̀.

Ọbẹ dúró. "Ṣé oyún wà nínú eléyìí?"

"Ó ti wọ oṣù rẹ̀, Mà."

Bí inú Mọ́mì bá ru, ẹnu Adó ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. "Gbé e jáde ní ulé mi! Kì í ṣe pé mo gba èèwọ̀ gbọ́ o, Onígbàgbọ́ ni mí. Ṣùgbọ́n gbé e jáde. Gba ẹ̀yìnkùlé. Daṣọ bò ó, kí ọmọ mi má baà rí i!"

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ọlọ́tí kan ní àdúgbò Adébáyọ̀ tó ní fíríjì ńlá, ibi tí ì bá yẹ kí n kọ́kọ́ lọ. Mo sọ fún un pé òkú ejò ni, kò sì sí ẹni tó fọwọ́ kan àpò náà. Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo jẹ nínú adìẹ tí Mọ́mì pa fún àlùfáà.

Ní ọjọ́ Ajé, mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún àwọn ọmọ, wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí tábìlì fi ń mì. Fọlákẹ́ ló mú abẹ. Ó la ikùn ẹja náà, ó wò ó, ó sì sún sẹ́yìn.

"Sà, òótọ́ lẹ sọ."

Mẹ́rin ni wọ́n. Wọ́n pé tojú-timú, ìwọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan sì so ó mọ́ ìyá rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

"Sà," Fọlákẹ́ ní, "ẹyin inú ẹja àrọ̀ kò ṣeé kà. Ṣé mẹ́rin péré ni tèyí?"

"Mẹ́rin, márùn-ún. Ó sì pẹ́ kó tó dàgbà tó ẹni ń bímọ."

"Tí wọ́n bá wá ń kó àwọn ìyá báyìí ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ Ìyá Ìlàjẹ ló sọ sí mi lọ́kàn, mo sì rántí bí mo ṣe rẹ́rìn-ín.

A kọ́ ohun tó yẹ ká kọ́. Wọ́n bi àwọn ọmọ nípa rẹ̀ nínú ìdánwò lóòótọ́, bàbá Fọlákẹ́ kò sì parọ́ ní Ìjàn. Sípírítì ilé ìtọ́jú aláìsàn ilé-ẹ̀kọ́ wa ni mo fi rẹ àwọn ọmọ ẹja náà sínú ìgò. Nígbà tí mo lọ sọ fún Mọ́mì pé oyún wà níbẹ̀, wọ́n ní, "Ṣebí o ti sọ bẹ́ẹ̀." Ọmọ wọn ti bí obìnrin.

Kò pẹ́ tí Ìyá Ìlàjẹ fi wọ ọgbà wa tìbínú-tìbínú. "Tíṣà! Kí lo sọ fún àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì? Wọ́n ń tẹ ikùn ẹja mi bí agbẹ̀bí kí wọ́n tó ná an!" Mo bẹ̀ ẹ́. Ó wò mí, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Jẹ́ kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́. Èyí tí wọn ò fẹ́ náà, mi ò rí i mọ́."

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, kò mú ìkankan wá. Ìgò náà ni mo fi kọ́ gbogbo ọmọ tó kù tí mo kọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ibikíbi tí Mọ́mì bá ti rí mi, ìbáà jẹ́ ní ọjà tàbí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti béèrè aya mi, wọ́n á ní, "Àwọn ọmọ ẹja yẹn ńkọ́?"

"Wọ́n wà, Mà."

"Ṣé wọ́n ti ń dàgbà?"

Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ń ṣe, èmi náà á sì rẹ́rìn-ín. Mọ́mì ti lọ báyìí. Ìgò wà lórí pẹpẹ ní yàrá mi, mẹ́rin náà sì wà nínú rẹ̀, wọn kò ju bí Fọlákẹ́ ṣe bá wọn lọ.