Omi Òkun fún Gbogbo Ìjọ

Ìsinmi ni mo ní kí a lọ ṣe. Ìdúró ojoojúmọ́ ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Vicarage Field, ilé ìtajà ńlá kan nílùú òyìnbó níbí, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí nígbà òtútù yẹn, ọkọ mi sì ti rí etíkun kan tí èèyàn kì í sábà lọ. Ẹnu mi ló kó bá mi: mo sọ fún màmá ọkọ mi. Kí a tó gbéra lọ́jọ́ Sátidé, àwọn ará ìjọ aládùúrà wa ti kó kẹ́ẹ̀gì òfìfo wá sílé. Wọ́n ní kí a bá àwọn bu omi òkun tí àwọn máa fi gbàdúrà.

Òkúta ṣóńṣó ló kún etíkun náà, kò sí iyanrìn kankan. Ọkọ mi ń bu omi, èmi ń gbé e gun òkè lọ síbi tí a páàkì mọ́tò sí, afẹ́fẹ́ tútù ń gbá mi létí. Ìsinmi rèé! Nígbà tí gbogbo rẹ̀ fi kún, ilẹ̀ ti ṣú. N kò tíì jókòó wo òkun.

Lọ́jọ́ Àìkú, ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Barking, kálukú gbé omi tirẹ̀. Màmá wojú mi, ó mirí.

“Ìyàwó mi, ó ti rẹ̀ ẹ́ jù. Omi yìí ló yẹ kó o fi wẹ̀. Ṣé o ò bu tìẹ ni?”